Àdúrà Tí Bàbá Mi Gbà Sí Ẹran Tútù

Jámánì ni bàbá mi gbé kí wọ́n tó wá sí Dublin. Tí ọjọ́ ìbí wọn bá ti pé, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yíyan bíi ti ọ̀hún ni wọ́n máa ń fẹ́ jẹ. Ilé oúnjẹ Jámánì tá a máa ń lọ ti kógbá wọlé, ni mo bá wá òmíràn lórí fóònù, la bá wọ bọ́ọ̀sì láti Tyrrelstown.

Ìríra gbáà! Awọ ẹran rọ̀ bíi fóòmù tó mumi, àárín ẹ̀ tutù bíi yìnyín, kábéèjì kíkan wọn ń rùn bí aṣọ tí wọn ò sá. Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n dá a padà fún wọn jàre."

Wọ́n ní, "Rárá o. Mo ti gbàdúrà sí i. Ṣé kí n wá sọ fún Ọlọ́run pé mi ò ṣe mọ́ ni?"

Obìnrin tó gbé oúnjẹ wá bi wọ́n bóyá everything grand, ìyẹn bóyá gbogbo nǹkan dára. Bàbá mi rẹ́rìn-ín: "Grand, my dear." Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń fi omi tì í bí ẹni lo oògùn. Inú bí mi gan-an.

Mo ṣì ń wá ilé oúnjẹ Jámánì gidi. Tí mo bá rí i, èmi ni màá kọ́kọ́ tọ́ ẹran wọn wò kí bàbá mi tó dijú gbàdúrà sí i.