Òfin Làsísì: Nọ́ọ̀tù Tèmi, Wáyà Tìrẹ

Bí ẹ bá wọ ọgbà mẹkáníìkì wa l'Ágége, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó fi etí kan ẹ́ńjìnnì, tó dijú bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún, ẹ má ṣe kí i. Làsísì ni. Ẹ́ńjìnnì ló ń bá sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ kí èèyàn dá sí i. Láti ìgbà tó ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ló ti ń sọ pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí òun ò gbédè rẹ̀. Mo gbà fún un nígbà náà, torí èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: epo ò wọlé, tàbí iná ò jó. Ẹni tó bá mọ kabúrétọ̀ fọ̀, tó mọ púlọ́ọ̀gì ha, ọ̀gá ni.

Èmi ni fọganáísà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà. Ṣúáíbù lorúkọ mi. Èmi àti Làsísì la jọ jẹ pàṣán alùfáà kan náà nílé kéú, nítorí náà bí mo bá ń bú u, kí ẹnikẹ́ni má bá mi bú u. Ẹ̀tọ́ mi ni.

Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí mọ́tò tuntun di ohun tí à ń wò nínú ìwé ìròyìn, tòkunbọ̀ ló kún ìlú. Àwọn mọ́tò yìí ní bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí kékeré tó ń ronú fún ẹ́ńjìnnì. Làsísì kò fẹ́ràn ohun tó ń ronú. Bí wọ́n bá gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ wá, á yọ ọpọlọ rẹ̀ sọ nù, á gbé kabúrétọ̀ sí i, olówó mọ́tò á sì dúpẹ́. Mo sọ fún un nígbà kan pé bí àwọn sójà tó ń ṣèjọba ṣe ń ṣe Nàìjíríà náà nìyẹn. Ó ní kí n rọra, kí wọ́n má wá gbé àwa méjèèjì.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣe é, ẹ ní láti mọ òfin ọgbà wa. Iṣẹ́ kì í dà pọ̀ níbẹ̀. Mẹkáníìkì ló ni nọ́ọ̀tù. Rewáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ló ni wáyà. Panẹbítà ló ni ara mọ́tò, èmi ni mo ni táyà. Àṣà lásán ni tẹ́lẹ̀, a kì í sì í jà sí i. Ìgbà tí a fi Làsísì ṣe alága ẹgbẹ́ ló sọ ọ́ dòfin, torí láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti rí àga jókòó lé, òfin ló kù tí yóò ṣe. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn, a ó gba irinṣẹ́ rẹ̀, a ó so ó kọ́ igi fúrúùtù àárín ọgbà, kò sì ní í rí i gbà àfi tó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹgbẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin náà mú ni Reuben, rewáyà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹlẹ́nu gbọ̀ọ̀rọ̀ tó máa ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ewúrẹ́. Ó ń so wáyà kan lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ò ráyè wọlé, ló bá fi pláyà tú nọ́ọ̀tù kan. Nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo! Làsísì pe ìpàdé, ó gba pláyà, ó so ó kọ́ igi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Stella, ọmọbìnrin tí Reuben ń fẹ́, gbé oúnjẹ wá fún un. Ojú ọmọbìnrin náà ni Reuben ti dọ̀bálẹ̀ sínú epo dúdú tó wà nílẹ̀, tí Làsísì sì ń sọ pé kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa. Inú bí mi. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé ohun tó ṣe ò dáa.

Ó ní, "Ṣúáíbù, òfin ò mọ ojú."

Mo ní kó má gbàgbé pé òun ló sọ ọ́.

Kò pẹ́ sí i ni Làsísì ra pikọ́ọ̀pù. Tòkunbọ̀ pupa ni, ó ní bréènì bọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi lẹ́tà fàdákà kọ íńjẹ́kṣọ̀n sí ìdí rẹ̀, ìyẹn ni pé kì í lo kabúrétọ̀. Ọpọlọ èyí nìkan ni Làsísì ò yọ, torí lẹ́tà fàdákà yẹn ń wù ú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí fáàrí nìkan ló ṣe rà á, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, orúnkún ń dùn wọ́n. Ọdọọdún ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, tí àwọn aládùúgbò á máa bi wọ́n pé, ọmọ yín tó ń tún mọ́tò ṣe ní Èkó, ṣé mọ́tò ẹlòmíràn nìkan ló ń tún ṣe ni? Lọ́dún yìí, Làsísì ránṣẹ́ sílé pé kí Ìyá máa múra, mọ́tò ọmọ wọn ni yóò gbé wọn lọ sí yídì, iwájú ni wọn yóò sì jókòó.

Àìsàn pikọ́ọ̀pù náà ni pé kò fẹ́ gbóná. Tó bá tutù, á sáré bí ehoro. Tó bá ti gbóná, á kú lójijì, kò ní í wúkọ́, kò ní í sín. Tó bá tún tutù, á jí. Làsísì fetí kàn án, ó dijú, ó ní, "Pọ́ǹpù epo ni. Ooru ló ń mú un." Ó bu omi sí ẹ́ńjìnnì, mọ́tò sì jí lóòótọ́! Ẹ̀yin náà ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń dán aláṣejù wò. Ohun mìíràn lomi ń tù lára nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ló gbà pé òun wò sàn. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù, mọ́tò kú. Ó fi aṣọ tútù wé ọ̀pá epo bí orí aláìsàn, ó tún kú.

Ó kó àwa àgbààgbà ẹgbẹ́ lọ sí Aláúsá lọ́jọ́ kan, ká lọ bẹ ìjọba kí wọ́n má lé wa kúrò lórí ilẹ̀ wa. Ojú pópó Allen ni pikọ́ọ̀pù náà kú sí. Àwa ará ọgbà mẹkáníìkì, nínú léèsì, là ń ti mọ́tò kọjá níwájú báǹkì, tí àwọn akọ̀wé ń yọjú wò wá. Làsísì nìkan ló jókòó sídìí ọkọ̀, tó ń juwọ́ sí wa pé ká túbọ̀ ṣe bí ọkùnrin.

Inú ọgbà ló kú sí nígbà tó tún ṣe, Reuben sì wà níbẹ̀. Ó ki orí bọ fèrèsé.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ yí kọ́kọ́rọ́." Làsísì yí i. "Ẹ wo abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ́ńjìnnì ń yí, abẹ́rẹ́ ò mira rárá. Pọ́ǹpù kọ́ o. Sẹ́ńsọ̀ kránkì ni. Nǹkan kékeré kan ni, ẹ̀gbẹ́ kránkì ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Òun ló ń wo kránkì bó ṣe ń yí, tó ń sọ fún bréènì ìgbà tó yẹ kó ju iná àti epo sílẹ̀. Tó bá ti gbóná, ojú ẹ̀ á fọ́. Bréènì ò wá ní í gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, Alága. Àmọ́ wáyà wà nídìí ẹ̀, tèmi nìyẹn. Nọ́ọ̀tù ló sì dì í mú, tiyín nìyẹn. Ẹ ṣáà pè mí lójú ẹgbẹ́ pé, 'Reuben, bá mi wò ó.' Ẹ̀yin á tú nọ́ọ̀tù yín, èmi á yọ wáyà mi. Ó parí."

"Bá mi wò ó" péré, ọ̀rọ̀ tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ lè sọ! Làsísì la ẹnu, ó pa á dé, ó ní, "Pọ́ǹpù ni."

Ọjọ́ tí à ń lọ sílé fún ọdún, Reuben wá bá mi nídìí táyà. Ó fún mi ní sẹ́ńsọ̀ kan tó wé sínú ọ̀rá. "Bàbá, ẹ bá mi mú un dání. Ara òkú mọ́tò kan tó jọ ti Ọ̀gá ni mo ti tú u. Òfin Alága ò dé ọ̀dọ̀ òkú." Mo gbé e lọ han Làsísì. Ó wò ó, ó gbójú kúrò.

Ó ní, "Tí mo bá fọwọ́ ara mi so ó, mo ti rú òfin tí mo ṣe. Tí mo bá pe ọmọ yẹn, ó di pé ó mọ̀ jù mí lọ nìyẹn. Gbé e kúrò lójú mi, Ṣúáíbù."

Mo fi sápò mi. Ó di kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, a di àgbò mọ́ ọn, a gbéra. Ẹ̀yin ará, ẹlòmíràn á rìnrìn àjò, á máa wo ọ̀nà. Odò làwa ń wò. Gbogbo kànga tó wà láàárín Ògèrè àti Ọ̀yọ́ ló mọ̀ wá. Àgbò tó yẹ kó mu omi wa ń wo ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń mu ún. Ṣùgbọ́n a délé, Ìyá sì jáde wá, wọ́n fọwọ́ pa pikọ́ọ̀pù náà lára láti iwájú dé ẹ̀yìn. Omi ń dà lójú wọn, mo sì dákẹ́ ẹ̀fẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Iléyá, Làsísì wọ léèsì funfun, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Mo fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní rárá. "Ìyá mi jókòó níwájú, kẹ́ẹ̀gì jókòó lẹ́yìn? Kí làwọn èèyàn á wí?" Ó kọ́kọ́ gbé wọn yí àdúgbò ká pẹ̀lú fèrè, kí gbogbo ẹni tó ti bú wọn lè rí wọn dáadáa. Ìyá ń juwọ́. Ibi fáàrí yìí ni ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Bí a ṣe yà sí ọ̀nà yídì báyìí, ó kú.

Gbogbo ìlú ló ń kọjá lára wa tàwọn ti ẹní ìkírun. A ti ń gbọ́ ohùn Lèmọ́mù nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Làsísì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ omi lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Bàbá arúgbó kan fún un ní ìyókù omi àlùwàlá tó wà nínú kẹ́tùlù rẹ̀, ó dà á sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ò ṣe àlùwàlá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó ní, "Mọ́tò Èkó náà rèé o!"

Ìyá ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fi oríkì Làsísì pè é, wọ́n ní, "Àjàní, má dara ẹ láàmú. Ẹsẹ̀ mi ló ń gbé mi lọ lọ́dọọdún." Wọ́n na ẹsẹ̀ kan síta, ẹsẹ̀ náà ń wá ilẹ̀, kò tètè bá a. Ó dùn mí dé egungun. Mo wo Làsísì, mo rí i pé ó dun òun náà.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ṣúáíbù, gbé nǹkan yẹn wá."

Ó mú sípánà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú léèsì funfun, ó wọ abẹ́ pikọ́ọ̀pù nínú erùpẹ̀ pupa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kù síta, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń yẹ̀ ẹ́ kọjá. Ó fa orí wáyà yọ. Ó tú nọ́ọ̀tù ẹyọ kan yẹn. Sẹ́ńsọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ihò rẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó yọ. Ó fi etí agbádá nu ihò, ó fi epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ ra èyí tí Reuben fún wa, ó tì í wọlé, ó dì í, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu kókó gbígbóná nígbà tó wọ abẹ́ ọkọ̀ kò tíì mu ún tán. Mo yí kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ mira, ẹ́ńjìnnì jí lórí gbígbóná rẹ̀, kò sì kú mọ́. A dé yídì nígbà tí wọ́n ṣì ń to ìlà sàfù, Ìyá sọ̀ kalẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó ń bú wọn. Ọmọ wọn dúró tì wọ́n bí ẹni tí wọ́n fà jáde nínú ebè.

Nígbà tí a pa àgbò tán, Ìyá ní, "Àjàní, ta ló mọ̀ pé nǹkan kékeré yẹn ni?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo sọ ti pláyà, mo sọ ti Stella, mo sọ ti epo dúdú. Ìyá fetí sí mi dé òpin. Wọ́n gé itan àgbò kan, wọ́n wé e, wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ méjèèjì ni kí o fi gbé e fún un. Ojú gbogbo wọn ni o. Ṣúáíbù, ìwọ ni kí o ṣojú mi."

Bó ṣe di pé, nígbà tí a padà sí Èkó, Làsísì wọ agbádá, ó gbé itan àgbò gba àárín ọgbà kọjá nìyẹn, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Panẹbítà gbé òòlù sílẹ̀. Làsísì ní, "Ìyá mi ní kí n gbé e wá. Sẹ́ńsọ̀ ni lóòótọ́."

Reuben gba ẹran náà. Ó jẹ ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ díẹ̀. "Ìyá mà ṣeun o. Ta wá ló tú nọ́ọ̀tù, Alága? Ta ló sì fa wáyà?"

Làsísì wo igi fúrúùtù, ó wo ilẹ̀. Ó yọ sípánà lápò, ó gbé e fún Reuben, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ kó lè dọ̀bálẹ̀. Ọmọ náà tètè dì í mú léjìká.

Ó ní, "Ẹ dúró, Ọ̀gá. Ẹ ò jẹ mí ní ìdọ̀bálẹ̀ kankan. Wọ́n ní ẹ ti fẹ̀yìn lélẹ̀ san án ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú léèsì, lójú gbogbo ìlú."

Làsísì yíjú, ó ń wá ẹni tó sọ fún un. Mo ti tan ẹ̀rọ tí mo fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ nígbà yẹn. Ariwo rẹ̀ pọ̀, kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ èébú.