Ọwọ́ Ta Ni Bọ̀wálé Máa Tẹ̀?

Owú ni mo jẹ, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ lọ yí ọkùnrin tó tóbi tó Bọ̀wálé ọkọ mi láti apá ọ̀tún sí òsì lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, fún oṣù mẹ́jọ gbáko, kó tó wá la ẹnu sí mi.

Aránṣọ ni mí ní Ìyànà Ìyẹsí. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni mò ń rán jù. Ibẹ̀ ni Bọ̀wálé ti rí mi. Ará Ìkirè ni, ilé iṣẹ́ páànù kan ní Sàngó ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí bọ́tìnnì kan kì í já lára aṣọ rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo wo ojú òwú náà dáadáa. Abẹ ló fi gé e! Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Látọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Bọ́tìnnì. Tí mo bá ti pè é bẹ́ẹ̀, á yára di àyà ẹ̀wù rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Ó ti ní ìyàwó kan rí, Ẹfúnróyè, ìyá Tóyọ̀sí. Ìyẹn ti kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Adó-Odò kí n tó dé. Èmi kọ́ ni mo lé e o.

Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú mi nígbà tí Bọ̀wálé já bọ́ látorí àkàbà níbi iṣẹ́, tó forí gbálẹ̀. Ó lajú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú lásán ni. Kò mọ ẹni tó wọlé, kò mọ ẹni tó jáde. Orí ìyẹn ni mo bímọ sí, tí a sọ ọ́ ní Ìníolúwa. Ọjọ́ tí mo padà sí wọ́ọ̀dù, mo pe ọkọ mi ní Dádì Ìníolúwa, mo pè é sókè kí gbogbo nọ́ọ̀sì gbọ́. Bàbá Tóyọ̀sí ni wọ́n ń pè é látọjọ́ yìí. Ó tó gẹ́ẹ́! Èmi náà ti bí tèmi.

Dókítà Ayọ̀rìndé ló mú ẹ̀rọ kan wá tí wọ́n fi ń ta ọpọlọ jí. Ó ní, "Màmá Ìníolúwa, a ò ní la orí wọn, a ò sì ní gún wọn lábẹ́rẹ́." Fóòmù pẹlẹbẹ méjì ni, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, wọ́n fi rọ́bà dè é mọ́ ọn lórí, wáyà wá so ó mọ́ àpótí kékeré kan tó ń lo bátìrì. Iná tó ń gba ibẹ̀ wọlé kò tó nǹkan. Wọ́n fi kàn mí lọ́wọ́, ó kàn yún mi díẹ̀ ni. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnì kan nínú ẹbí á máa pe aláìsàn, á máa ní kó tẹ ọwọ́ òun.

Dókítà ò ṣèlérí. Ó ní ó máa ń ta àwọn kan jí díẹ̀, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Bọ̀ọ̀dá Adérógbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá fi tiwọn lé e: bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí kò sí àmì kankan, àwọn á gbé àbúrò àwọn lọ sí Ìkirè. Kò sí ẹ̀rọ ní Ìkirè. Èmi náà ò sì ní sí níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí n tẹ̀ lé wọn.

Ọjọ́ méje ni mo fi pè é. "Dádì Ìníolúwa, ẹ tẹ ọwọ́ mi." Ohùn mi há. Ọwọ́ rẹ̀ kò mira.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Bọ̀ọ̀dá Adérógbà ní kí Ẹfúnróyè wá wo bàbá ọmọ ẹ̀. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo ní kó jókòó tì í, mo lọ fún ọmọ lọ́mú níta. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Àkànní, tẹ ọwọ́ mi." Inú agbo ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà, oríkì ló máa ń fi pè é. Mo yọjú. Àtàǹpàkò Bọ̀wálé rọra tẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹfúnróyè tún pè é, àtàǹpàkò náà tún tẹ̀ ẹ́.

"Abísọ́lá, sáré wá wò ó!" ni Ẹfúnróyè ké sí mi.

"Iṣan ló fà á," ni mo wí.

Èmi tí mo ń nu ìdọ̀tí fún oṣù mẹ́jọ! Ẹni tó sá lọ wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó, òun lọkọ mi dá lóhùn! Nígbà tí dókítà fi dé, Ẹfúnróyè ti lọ wọkọ̀ Adó-Odò. Dókítà bi mí bóyá a rí nǹkan kan. Mo ní rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n pè é ní Àkànní. Àgbẹdọ̀! Kí n máa jẹ àjẹkù ẹnu Ẹfúnróyè? Dádì Ìníolúwa ni mo pè é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo rí ọkọ̀ níwájú ọsibítù. Wọ́n ti tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé fóònù. "Ìyá Tóyọ̀sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Mo ti purọ́ fún dókítà."

Ó dé. Kò bú mi, ó kàn wò mí látòkè délẹ̀. "Kí nìwọ gan-an ń pè é?"

"Dádì Ìníolúwa."

"Ta ló sọ fún Àkànní pé ẹnì kan ń jẹ́ Ìníolúwa?"

Ọmọ tí a sọ lórúkọ nígbà tí bàbá rẹ̀ ò gbọ́, tí ò mọ̀! Orúkọ tí mo fi ń ṣe fáàrí, kò jẹ́ ẹ rí láyé ẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún dókítà. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ẹfúnróyè pè é lẹ́ẹ̀mẹta níwájú gbogbo wa, Bọ̀wálé tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà kọ ọ́, ó ní ẹ̀rọ á máa bá iṣẹ́ lọ. Bọ̀ọ̀dá Adérógbà bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni Ẹfúnróyè dìde lórí àga. "Ìwọ náà, pè é."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bọ̀ọ̀dá Bọ́tìnnì, ẹ tẹ ọwọ́ mi."

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí dé egungun. Àfi bí ọwọ́ náà ṣe yọ́ kúrò nínú tèmi. Ó ń wọ́ lórí aṣọ ìbora, díẹ̀ díẹ̀, ó gun ikùn, ó dé àyà. Ó di ẹ̀wù ọsibítù mú níbẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀.

"Kí nìyẹn?" ni dókítà wí. Mo fi omijé sọ ọ́ fún un létí, ó sì kọ ọ́.

Níta, ọkọ̀ Ìkirè ti ń yí padà lófìfo. Ẹfúnróyè fà mí lápá. "Abísọ́lá, kí ló dé tó fi di àyà mú? Kí lo pè é yẹn?"

Mo kí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo tilẹ̀ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un. Ìyẹn, tèmi ni.