Ohùn Tó Wà Nínú Fóònù Ìyàwó Mi

Mo rántí ìgbà tí ẹnu fóònù ìyàwó mi kò di wáyà mú mọ́, tó jẹ́ pé ìwé orin ìsìn ló máa ń gbé lé wáyà náà lórí kí iná tó lè wọlé. Bí mo bá ní ká ra òmíràn, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Tíṣà. Àdúrà ìyá mi wà nínú rẹ̀." Kì í ṣe àsọdùn. Láràárọ̀, bó bá ti jí nílé wa ní Ọ̀yọ́, yóò pe ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá yóò wúre, ọmọ yóò máa ṣe àmín. Áàpù kan wà lórí fóònù náà tó ń gba ohùn ìpè sílẹ̀, ìyàwó mi sì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í. N kò béèrè nọ́ńbà náà rí. Ta ní ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá?

Àìsàn tó pa ìyàwó mi kò pẹ́ rárá. Ọ̀yọ́ la sin ín sí. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa kò fi gbà kí òbí fojú kan òkú ọmọ rẹ̀, tàbí kó dé ìdí sàréè rẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni ìdílé ìyàwó mi láti ayé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kò mú àṣà yẹn kúrò. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ẹbí jókòó ti ìyá ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń kọrin fún un kó má baà jáde. Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́yìn náà, kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ ò jẹ́ kí n rí i. Mo gbà. Ṣé ẹ ò tún ní jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ní Yorùbá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rúùtù. Gbogbo nọ́ńbà tó wá sí mi lọ́kàn ni mo ti tẹ̀, ohun ìgbohùnsílẹ̀ náà kò ṣí. Mo wá tọ ọ̀rẹ́ mi kan lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. A jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà èwe wa, físíìsì ló fi ń kọ́ni kó tó fẹ̀yìntì.

Ó ní, "Fóònù dà bí ilé tí o háyà. Ìwọ lò ń gbé inú rẹ̀, àmọ́ yàrá kan wà tí onílé, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tì pa. Rúùtù ni pé ká gba kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn lọ́wọ́ onílé."

Mo ní, "Ewu ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀pọ̀ fóònù ló jẹ́ pé tó o bá fọwọ́ kan àgádágodo yẹn, wọn á kọ́kọ́ gbá gbogbo ẹrù rẹ dànù kí wọ́n tó ṣí i fún ọ. Ti ìyàwó rẹ yìí ti pẹ́, ọ̀nà ẹ̀yìn wà."

N kò gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ dán an wò lára òmíràn. Ó wá irú fóònù náà gan-an rí ní Sábó, èyí tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti sán, ó kó àwòrán àti ohùn sínú rẹ̀, ó ṣe rúùtù rẹ̀ lójú mi. Ilẹ̀kùn ṣí, ẹrù kankan kò sọnù. Mo pàtẹ́wọ́ bí ọmọ aláìníyè. Èmi náà sì ti da gbogbo ohun tó ṣeé dà kọ nínú fóònù ìyàwó mi sí ibòmíràn. Yàrá títì yẹn nìkan ló kù.

Ìyá ní pálọ̀ òun ni ká ti ṣe é, kí òun lè gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iná wà, bátìrì kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kò sì lágbára, la bá ní ká bẹ̀rẹ̀ kí iná tó lọ. Nítorí ẹnu fóònù tó ti dẹ̀, àfi kí ẹnì kan fi ọwọ́ di wáyà náà mú.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Olùkọ́ Yorùbá, ìwọ di wáyà mú. Sáyẹ́ǹsì ni tèmi. Tó bá bàjẹ́, a ó mọ ẹni tó gba òdo."

Mo ní, "Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ló mọ òdo jù."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. Kọ̀ǹpútà ti ń kọ nǹkan tuntun sí apá tí fóònù fi ń jí bí a bá tàn án. "Má mira o. Tó bá já láàárín, ó parí nìyẹn." Mo jókòó sórí àpótí, mo di fóònù àti wáyà mú bí ẹni di ẹyin mú.

Ilẹ̀kùn ṣí, ìyá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti gèlè dúdú.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, n kò kí i lóòró rí. Kí ọkàn mi tó mọ̀, àyà mi ti wà nílẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Màmá."

Ọ̀rẹ́ mi pariwo, "Wáyà! Wáyà o!"

Ìyá kò mọ ohun tó ń wí. Ó dúró lé mi lórí, ó ń wúre. "Dìde, ọmọ mi. Olúwa yóò tù ọ́ nínú. O ò ní sin ọmọ." Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, mo ń ṣe àmín, ọ̀rẹ́ mi sì ń fọwọ́ wá ẹnu wáyà kiri lábẹ́ àyà mi.

Àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù yọ lójú rẹ̀, ó kú, ó tún yọ, ó tún kú. Ọ̀rẹ́ mi ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, òógùn bò ó. Ìyá jókòó, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. "Ṣé ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀?" Nígbà tó yá, fóònù kọ ọ́ pé òun kò lè ka ohun tó wà nínú òun mọ́: ká tún gbìyànjú, tàbí ká nu gbogbo rẹ̀. A gbìyànjú títí iná fi lọ.

Ọ̀rẹ́ mi rọra sọ fún mi pé, "Tá a bá nù ún, á jí. Àmọ́ kò ní mọ ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá, mo sọ fún un.

"Ṣé wíwọlé mi ló fà á?"

"Rárá, Màmá. Wáyà ló já."

"Ṣé ó ṣì wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. A ò kàn lè débẹ̀ ni."

Ó mi orí. "Bíi sàréè rẹ̀ náà. Ẹ má nù ún."

A kò nù ún. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi ní Ọ̀yọ́ títí di òní, mo gbé ìwé orin rẹ̀ lé e lórí. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní òwe pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ọ̀rọ̀ ìjà ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. N kò tíì mọ òwe náà tán nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní ohùn ìyá tàbí ohùn aya nínú fóònù, kó tètè dà á kọ sí ibòmíràn nígbà tí olóhùn ṣì lè sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Èmi ni mo ń pe ìyá láràárọ̀ báyìí. Mo máa ń ní, "Màmá, mo dọ̀bálẹ̀." Á ní, "Dìde, ọmọ mi," á wúre, màá ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kì í tètè pa fóònù rẹ̀. Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíràn gba fóònù lọ́wọ́ mi.