Ìjì tó Gba Orozo Wá sí Jabi

Òórùn ẹja yíyan láti etí adágún Jabi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, torí ojú fèrèsé kíláàsì mi ló ń gbà wọlé lọ́dún tí mo kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ìjì òkun yóò gbà. Mo ya àrọ tí a fi ń rọ epo sójú pátákó. Mo ní ibi tí ìjì wà nísinsìnyí ni ìdí àrọ, ìyẹn dá wa lójú. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ síwájú, ibi tó lè yà sí ń pọ̀ sí i, àrọ á sì máa fẹ̀. "Kì í ṣe pé ìjì ń tóbi o. Ohun tí a mọ̀ ló ń dín kù."

Ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kọjá lọ, ló bá yọjú. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin yìí kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kò sì tíì ka ìwé kan tán láyé rẹ̀. "Tíṣà, ìlà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fà fún wọn! Ṣé torí 'bóyá' làwọn òbí wọn ṣe ń sanwó?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo sì pa àrọ mi rẹ́.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fún àwọn ọmọ lẹ́bùn, ọ̀gá yìí ní kí wọ́n ta kánópì sí pápá, ó sì to àwọn ọmọ jẹ́léósinmi síwájú kí fọ́tò lè dára. Lọ́sàn-án, ìyàwó mi pè mí láti ilé wa ní Orozo pé atẹ́gùn ti ń ṣí páànù ládùúgbò. Kò pẹ́ sí i, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, káfíńtà ní Kugbo, pè pé òun ò ní lè wá mọ́, ìjì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn ń sáré kó àga wọlé. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró tì mí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo aago.

"Sà, Orozo ló kọ́kọ́ dé, then Kugbo, ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa níbí ló kọjú sí. Ó lè yà o, àmọ́ inú àrọ la wà. Twenty minutes, àbí thirty. Ẹ sọ fún wọn, sà."

Mo rìn dé ẹ̀yìn àga ọ̀gá. Ó ń bá àlejò pàtàkì rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ra ojú ọ̀run mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Tíṣà, ẹ lọ jókòó." Mi ò tíì la ẹnu. Mo lọ jókòó.

Ọmọ náà ò jókòó ní tiẹ̀. Ó ń fa àwọn ọmọ kéékèèké náà lọ́wọ́, ó ń purọ́ fún wọn pé bisikíìtì wà nínú kíláàsì. Ọ̀gá ń pariwo mọ́ ọn, "Kai! Ta ló ní kí o kó wọn?" Èyí tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ìjì dé. Ó ká kánópì sókè, irin rẹ̀ sì wó lé àwọn àga kéékèèké tó ti ṣófo.

Nígbà tí òjò dá, ọ̀gá gba máìkì. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun lòun pàṣẹ kí wọ́n kó àwọn ọmọ wọlé. Ojú ò tì í! Èébú tí mo fi bú u nínú mi lọ́jọ́ náà kò ṣeé kọ síwèé.

Ó pẹ́ kí n tó gbà pé òun kọ́ lèébú yẹn tọ́ sí jù. Òun ò mọ̀, ó ń fọ́nnu. Èmi mọ̀, mo sì jókòó. Àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́ fún un, ọmọ náà sì yíjú wò mí, ó ń retí pé kí n sọ ẹni tó kó wọn wọlé. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́.