Ohùn Màmúdù Oníwéré nínú Rédíò Sàráà

Jubril fúnra rẹ̀ ló ru rédíò náà lọ fún Àáfà Yésúfù. Bí wọ́n ti ṣe fidáù ọjọ́ kẹjọ bàbá rẹ̀ tán ni wọ́n pín ẹrù òkú. Aṣọ lọ sọ́dọ̀ tálákà, bàtà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì di ti àáfà tó ṣàdúà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn ní Bẹ́yẹrunkà nìyẹn. Sàráà ni.

Ọjọ́ kejì ló tó rántí pé kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú rédíò. 

Màmúdù bàbá rẹ̀ ti ń kọ wéré kí wéré tó di ohun tí èèyàn fi ń ra mọ́tò. Orin ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àdúgbò sí sààrì. Láti Ọjà'ba dé Mápó, bí Màmúdù bá ti lanu, ẹni tí kò gbààwẹ̀ gan-an á dìde jẹun. Àwọn tó ń gberin lẹ́yìn rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Orúkọ tiwọn wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù. Òun ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Bẹẹrẹ títí ó fi kú. Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló gbà á sílẹ̀.

"Lọ gbà á wá," ni ìyá rẹ̀, Waliyat, wí.

"Màmá, ta ló ń gba sàráà padà? Ṣé ẹ ò fẹ́ kí láádá ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá mi ni?"

Obìnrin náà fi ìborùn nu ojú. "Rédíò ni mo fi ṣe sàráà. Mi ò fi ohùn ọkọ mi ṣe é."

Jubril sáré jáde. Ta ni kò mọ̀ pé àáfà máa ń gba wáàsí ara rẹ̀ sílẹ̀? Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó parí.

Láti ìta ló ti ń gbọ́ ohùn àáfà. Ó wọlé, àáfà ń jẹ ẹ̀kọ. Rédíò ló ń sọ̀rọ̀.

"Àáfà, inú kásẹ́ẹ̀tì wo lẹ gbà á sí?"

"Èyí tó wà nínú ẹ̀. Orin kan ló wà níbẹ̀, mo ní kí wáàsí lé e jáde."

"Bàbá mi ló ń kọrin yẹn, sà."

Ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ àáfà. "Asitagfirulahi!"

Wọ́n jókòó ti rédíò, bóyá orin náà ṣẹ́ kù lẹ́yìn wáàsí. Wáàsí kò tán. Ó bú àwọn tó ń pàtẹ sójú ọ̀nà, ó bú àwọn tó ń sùn ní mọ́ṣáláṣí. Jubril ń wo bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń tán lọ.

"Ọ̀rọ̀ mi mà gùn o," ni àáfà wí jẹ́jẹ́.

Rédíò dún kẹ̀. Màmúdù bọ́ síta láàárín orin, ó ń dárúkọ àwọn elégbè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàdúà fún wọn. Ìrù orin ló ṣẹ́ kù. Jubril na fóònù sí i, ó ń gbà á sílẹ̀, kò mí. 

"Àmín!" ni àáfà ké. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Kásẹ́ẹ̀tì tán.

Àáfà yọ ọ́, ó nà án sí i. Jubril mi orí. "Sàráà ni, sà. Ẹ ṣáà má gba wáàsí sí i mọ́."

Nílé, Waliyat gbé fóònù sétí. Ó dé ibi àmín àáfà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin òkú.

"Bàbá ẹ tún ti rí elégbè," ló wí. "Tún gbé e sí i, kí n gbọ́."