Kámẹ́rà Kékeré àti Àga Táyé

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, ni ẹ̀rù yìí bẹ̀rẹ̀. Mo wà ní ìsọ̀ kan ní àdúgbò Albarika, mo ń yan kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí a ó ní nílé wa. Ọlọ́jà dojú ọ̀kan kọ mí, ó tẹ̀ ẹ́: kaṣá! Mo fò sẹ́yìn.

“Àǹtí, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kì í géni jẹ.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ìbejì ni wá. Táyé kú kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìbejì tí ọ̀kan bá kú nígbà náà, Màmá mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá onífọ́tò kan ní àdúgbò Titirou. Ó to àga méjì síwájú aṣọ tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí. Ó yà mí lórí ti ọ̀tún, ó ní, “Ó yá, bọ́ sórí èkejì. Ìwọ ni Táyé báyìí.” Lójú tèmi, ẹni tó bá jókòó sáyè Táyé yóò lọ síbi tí Táyé lọ. Mo sunkún títí. Bísíkíìtì ni wọ́n fi bẹ̀ mí. Nígbà tí fọ́tò dé, àwa méjèèjì jókòó pọ̀ lórí ìwé kan, ojú Táyé pọ́n fún ẹkún. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá se ẹ̀wà, iwájú fọ́tò yẹn ló kọ́kọ́ ń bù ú sí.

Nígbà òjò èṣí, òrùlé jò. Omi jẹ ojú Táyé, ó fi tèmi sílẹ̀.

Màmá ní ká tún un yà. “Ra kámẹ́rà tí ìka mi lè tẹ̀. Táyé náà ti dàgbà.”

Mo ní fóònù ńkọ́?

“Èyí tó já sí kànga lọ́jọ́sí, fọ́tò ta lẹ fà jáde?”

Mo ti rí èyí tó yẹ: kékeré, píìlì, bátìrì inú rédíò, ló ń lò, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni Màmá ní láti mọ̀. Ọlọ́jà bá mi fi pamọ́ di Sátidé tó ń bọ̀.

Mo ti jáde yunifásítì, mo mọ̀ pé àga kì í pànìyàn. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí pé Màmá yóò máa wo ojú mi, Táyé ni yóò máa rí. Bí mo bá sì kọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni mo pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ìsọ̀ bàbá onífọ́tò ti di ibi tí wọ́n ti ń ta símẹ́ǹtì. Ìyá tó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ méjì pọ̀ kò yí padà.

Ẹ̀yin ìbejì tí ẹ ń kà mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jókòó? Àbí báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ kan ló kù?