Ikọ́ Ife Tí Mo Fi Pamọ́

Ìbéèrè ṣì wà lẹ́nu mi ní àgbàlá Ìyá Sàláwù, ní Àgọ́-Àmọ̀dù, nígbà tí ikọ́ gbé mi. Mo fi etí hijáàbù mi bo ẹnu. Nígbà tí mo wò ó, ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ká a mọ́ ọwọ́, mo sì ń bá ìbéèrè mi lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ ní yunifásítì dá lórí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo àìsàn, orúkọ tí wọ́n ń pè é, àti ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Ikọ́ ife, tí àwọn dókítà ń pè ní tíbì, ni mo yàn. Gbogbo ilé tí mo bá dé ni mo ti ń béèrè pé, “Kí ló dé tí ẹ ò tètè lọ sílé ìwòsàn?” Èmi tí mò ń béèrè ti ń wúkọ́ fún oṣù méjì. Mò ń làágùn lóru bí ẹni òjò pa, síkẹ́ẹ̀tì mi ò dúró nídìí mọ́. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọyẹ́. Ojú ló ń tì mí.

Ìyá Sàláwù ń wo ọwọ́ mi.

“Rìsíkátù, ṣí ọwọ́ rẹ.”

Mo kọ̀. Ó fúnra rẹ̀ tú àwọn ìka mi.

“Báyìí ni ti Sàláwù ọmọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ni mo sin ín.” Ó wọ bàtà rẹ̀. “Dìde. Ṣakí là ń lọ.”

Nílé ìwòsàn ní Ṣakí, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi sínú ike kékeré láti wá kòkòrò àìsàn náà, wọ́n sì ya àwòrán àyà mi. A jókòó síta títí oòrùn fi rọlẹ̀. Dókítà ní ikọ́ ife ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi ti apá òsì. “Oògùn rẹ̀ wà. Oṣù mẹ́fà ni. Má fo ọjọ́ kan.”

Wọ́n wá yẹ àwọn ará ilé wa ní Ìsẹ́yìn wò. Mùbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta tí mo gbé sùn nígbà Iléyá, ti kó o, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn fún òun náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e kúrò nílé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Oògùn ń sọ ìtọ̀ mi di pupa, gbogbo oríkèé ń ro mí, mò ń bì. Èyí tó burú jù ni pé mi ò rẹ́ni bi bóyá ọmọ náà ń jẹun. Lọ́jọ́ kan mo kó oògùn sọ́wọ́, mo fẹ́ dà á nù. Màmá mi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń sunkún, títí mo fi gbé e mì.

Ní oṣù keje, wọ́n ní àyà mi ti mọ́. Ti Mùbá náà ti mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, kò kí mi, ó gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀.

“Gbé e,” ó ní.

Ara mi ti ń fi ikọ́ bá mi sọ̀rọ̀ tipẹ́, mi ò dá a lóhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò dákẹ́ kí n tó gbọ́. Mo gbé ọmọ náà mọ́ra, mo mí kanlẹ̀, àyà ò dùn mí.